Ọjọ́ Mẹ́wàá Lẹ́yìn Fèrèsé

Èmi ni mo kọ́kọ́ wọ awò ojú náà. Láàárọ̀ ọjọ́ tí ọ̀gá já páálí rẹ̀, gbogbo òṣìṣẹ́ dúró, wọ́n ń wò ó bí ẹni wo ejò, kò sẹ́ni tó nawọ́ gbà á. Mo ní, "Ẹ mú un wá jàre." Mo fi sójú, rọ́bà rẹ̀ fún mi lórí pinpin, gbogbo wọn sì bú sẹ́rìn-ín. Gíga, ọkùnrin tó máa ń fún wàrà lápá òsì nígbà tí mo bá wà lápá ọ̀tún, ní mo jọ ọ̀pọ̀lọ́ tó fẹ́ gun alùpùpù. Mo ní kó fara balẹ̀ kí tiẹ̀ náà dé orí rẹ̀, ká wá wo irú ẹranko tí òun máa jọ.

Ọdún kẹtàlélógún rèé tí mo ti ń fún wàrà nínú oko yìí. Igba màálù ló wà níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ la sì ń fún wọn, láàárọ̀ kùtù àti ní ọwọ́ ìrọ̀lẹ́. Màálù ò mọ ọjọ́ ìsinmi. Ìyá Màálù ni wọ́n ń pè mí. Àwọn kan rò pé orúkọ náà ń dùn mí, ṣùgbọ́n ọjọ́ ti pẹ́ tó ti mọ́ mi lára.

Oko kan tí kò jìnnà sí wa ni àrùn náà ti kọ́kọ́ wọlé. Ara ẹyẹ ló ti wá, ó bọ́ sára màálù, ó wá ń gba inú wàrà bọ́ sára èèyàn. Dókítà ẹranko ló wá jókòó tì wá, tó là á yé wa. Ó ní bí wàrà màálù tó ní àrùn yẹn bá ta sí èèyàn lójú báyìí, ó lè ràn án. Torí náà, awò ojú, ìbòmú, ìbọ̀wọ́, àti aṣọ rọ́bà tó bo àyà dé orúnkún, ọ̀ranyàn ni gbogbo wọn. Aṣọ funfun tí à ń há sí ìbàdí, tí a fi ń nu ọmú màálù, kò gbọ́dọ̀ kan ojú ẹnikẹ́ni. Bí awò bá ṣú, aṣọ búlúù tó wà nínú ọ̀rá lára ògiri ni ká fi nù ún. Ẹni tí nǹkan bá kàn lójú, kó fi omi ṣàn án fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kó sọ fún ọ̀gá, kó sì yàgò fún èèyàn fún ọjọ́ mẹ́wàá.

Ọ̀gá ní èmi ni kí n máa kọ́ àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Mo sì kọ́ wọn. Mo kọ́ wọn débi pé wọ́n sọ mí di ẹni yẹ̀yẹ́. Bí wọ́n bá rí mi lókèèrè, wọ́n á pariwo, "Funfun fún ọmú, búlúù fún awò!" Èmi náà á pariwo dá wọn lóhùn pé ẹni tó bá gbàgbé, kó má fi ọ̀ràn ara ẹ̀ lọ̀ mí.

Ohun tí dókítà ò sọ fún wa ni pé ìbòmú yẹn máa pa ọ̀rọ̀ mọ́ wa nínú. Ilé ìfúnwàrà wa gùn, wọ́n gbẹ́ àárín rẹ̀ jìn dé ìbàdí èèyàn, inú kòtò yẹn la máa ń dúró sí kí ọmú màálù lè bá àyà wa dọ́gba. Méjìlá lápá ọ̀tún, méjìlá lápá òsì, ìdí wọn ni wọ́n kọ sí wa. Ẹ̀rọ á máa fà, á máa mí. Tẹ́lẹ̀, orí ariwo ẹ̀rọ yẹn la ti ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Mo mọ ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ò bá sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta, mo mọ ẹni tí ehín ń dùn, mo mọ ẹni tó ń wá ilé. Ojú wọn lásán ni mo fi ń mọ̀ ọ́n. Ní báyìí, ojú wa ti wọ inú ike, ẹnu wa ti wọ inú aṣọ. Ọ̀rọ̀ tí a bá sọ, àfi ká tún un sọ lẹ́ẹ̀mẹta. Èèyàn ò sì lè máa kígbe pé "ṣé o sùn dáadáa?" Nígbà tó yá, kálukú gbé ẹnu rẹ̀ dákẹ́.

Àwọn ìrọ̀lẹ́ kan wà tí mo máa délé, tí mo máa bọ́ bàtà, tí mo máa wá rántí pé láti àárọ̀ ọjọ́ náà, mi ò tíì bá ọmọ aráyé kan sọ̀rọ̀. Mo máa sọ̀rọ̀ sókè nígbà náà kí n lè gbọ́ ohùn ara mi. Mo máa ń sọ fún ìkòkò pé kó tètè hó.

Ilé mi kò ju yàrá kan lọ, lẹ́yìn ilé tí wọ́n ń kó oúnjẹ màálù sí. Bẹ́ẹ̀dì kan, àga kan, sítóòfù kan, àti fèrèsé onígíláàsì kan tó kọjú sí ọ̀nà. Ọkọ mi ti kú tipẹ́. Ọmọ kan ṣoṣo la bí, obìnrin ni, bàbá rẹ̀ gan-an ló jọ, àfi ìbínú nìkan ló jogún lọ́dọ̀ mi.

Ọ̀rọ̀ èmi àti ọmọ yìí, mi ò fẹ́ràn kí n máa sọ ọ́. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, iná lọ ní oko láàárọ̀, ẹ̀rọ ìfúnwàrà kú fin-ín-fin-ín. Bí a ò bá fún màálù, ọmú rẹ̀ á wú, á le, á bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Igba màálù ló ń ké lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ti múra tán, mo ti wọ bàtà tuntun. Mo ní kí n kàn fọwọ́ fún mẹ́wàá péré kí n tó lọ. Mẹ́wàá di ogún, ogún di ogójì. Nígbà tí mo fi máa dé ibi ìgbéyàwó, wọ́n ti ń to àga léra. Ọmọ mi wò mí nínú aṣọ funfun rẹ̀, ó wo ọwọ́ mi, ó ní, "Màámi, ẹ máa padà lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ yín." Kò pariwo. Ká ní ó pariwo ni, èmi náà ì bá pariwo, ọ̀rọ̀ ìbá sì tán níbẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, lọ́jọ́ ọdún, ló máa ń pè mí lórí fóònù. Á kí mi dáadáa, á béèrè ara, á ní kí n tọ́jú ara mi, ó tán. Ìgbà tó bímọ, fọ́tò ni mo rí.

Àfi bí fóònù ṣe dún ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, tí òun wà níbẹ̀, tí kì í ṣe ọjọ́ ọdún. Mo rò pé ẹnì kan ti kú ni. Ó ní ọkọ òun ti ríṣẹ́ sí òkè òkun, ọjọ́ Àìkú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i ni àwọn máa wọkọ̀ òfuurufú. Ọjọ́ Sátidé tó ṣáájú rẹ̀, àwọn máa gba ọ̀dọ̀ mi kọjá. Àwọn á dé láàárọ̀, àwọn á lọ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.

Ó ní, "Kí ẹ lè gbé ọmọ, kó tó di pé a lọ. Mi ò mọ ìgbà tí a máa padà."

Mo ní, "Ẹ máa bọ̀. Ẹ máa bọ̀, ọmọ mi."

Ó tún ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́. Lọ́jọ́ yẹn, kó má ṣe sí ọ̀rọ̀ màálù kankan o."

Mo ní kò ní sí. Lọ́jọ́ kejì, mo lọ bá ọ̀gá, mo ní mo fẹ́ gba àyè ní Sátidé kan. Ẹnu yà á tó bẹ́ẹ̀ tó fi bi mí pé ta ló ṣaláìsí. Mo ní kò sẹ́ni tó ṣaláìsí, ọmọ-ọmọ mi ló ń bọ̀.

Ẹ ò rí bí mo ṣe múra. Mo kun ògiri. Mo yá àga méjì lọ́dọ̀ Gíga. Mo bi akọ̀wé oko, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, pé báwo ni ọmọ oṣù mẹ́sàn-án ṣe máa ń wúwo tó. Ó ní ó lè tó kílò mẹ́sàn-án. Ni mo bá wọn kílò mẹ́sàn-án oúnjẹ ọmọ màálù sínú àpò, mo gbé e lé èjìká, mo ń rìn kiri inú yàrá láti wò ó bóyá apá mi ṣì lè gbà á. Ó gbà á. Mo tiẹ̀ rẹ àpò náà lẹ́kún. Bí ẹnikẹ́ni bá yọjú lójú fèrèsé lọ́jọ́ yẹn, wọn ì bá ti wí pé orí Ìyá Màálù ti dàrú.

Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń bọ̀ gan-an ni nǹkan ṣẹlẹ̀.

Màálù kan wà tí mo sọ ní Ìyàwó Ọ̀gá. Ọ̀gá ò mọ̀ o, ẹ má sọ fún un. Òun ló máa ń wọlé kẹ́yìn, á dúró lẹ́nu ọ̀nà títí a ó fi kí i. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, kò dúró de ìkíni. Etí rẹ̀ rọ, ara rẹ̀ gbóná lábẹ́ ìbọ̀wọ́ mi. Mo fi aṣọ funfun nu ọmú rẹ̀, mo fún wàrà àkọ́kọ́ sínú ife dúdú tí a fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tó jáde nípọn, ó sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bíi pupa ẹyin. Mi ò nílò dókítà láti sọ ohun tí mò ń wò fún mi.

Ẹ̀rù bà mí, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í mí lókèlókè. Èémí gbígbóná gba orí ìbòmú gòkè, awò mi ṣú bàìbàì, mi ò rí nǹkan kan mọ́. Bẹ́ẹ̀ màálù ń ta ẹsẹ̀, ife ẹ̀rọ tó ń fa ọmú ń jábọ́. Ọwọ́ mi wá ṣe ohun tó ti ń ṣe láti ọdún mẹ́tàlélógún. Tí òógùn bá bọ́ sí wa lójú níbi iṣẹ́ yìí, ìbàdí ni ọwọ́ ń lọ. Mo ṣí awò sókè, mo fa aṣọ yọ, mo nu inú rẹ̀ dáadáa, mo nu ẹ̀gbẹ́ ojú mi náà, mo sì dá awò padà. Mo wá ń ríran kedere. Bí mo ṣe ń ríran kedere yẹn ni mo rí aṣọ tó wà lọ́wọ́ mi. Funfun ni. Ohun pípọ́n yẹn wà létí rẹ̀.

Èmi! Èmi tí mo ń kọ́ wọn!

Kò sẹ́ni tó rí mi. Gíga kọ ẹ̀yìn sí mi, àwọn tó kù jìnnà. Mo sáré lọ sídìí ẹ̀rọ omi, mo ṣí awò, mo jẹ́ kí omi máa ṣàn sínú ojú mi títí ọrùn fi ń dùn mí. Gíga pariwo bi mí láti inú kòtò pé kí ló dé. Mo ní àyódíìnì tí a fi ń fọ ọmú màálù ló ta sí mi. Mo padà wá, mo sọ ọ̀rọ̀ Ìyàwó Ọ̀gá fún wọn. Wọ́n yà á sọ́tọ̀, dókítà ẹranko sì wá gba wàrà rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò. Ọ̀rọ̀ màálù ni mo sọ. Ọ̀rọ̀ ojú tèmi, mo pa á mọ́ra.

Ẹ má dá mi lẹ́jọ́ kíákíá. Ọjọ́ méjì péré ló kù. Mo ní bóyá kò wọlé. Mo ní mo ti ṣàn án. Mo ní bí mo bá sọ, wọ́n á tì mí mọ́lé fún ọjọ́ mẹ́wàá, ọmọ mi á dé, á bá ilẹ̀kùn títì, á sì lọ sí òkè òkun pẹ̀lú ìbínú yẹn. Mo to ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn lórí bẹ́ẹ̀dì títí oorun fi gbé mi.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Ẹtì mọ́, ojú ọ̀tún ń yún mi. Mo lọ síbi iṣẹ́, mo ṣe iṣẹ́, mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Mo padà sílé lọ́sàn-án, mo ń ká tówẹ́lì tuntun tí mo rà fún ọmọ náà. Mo wá ń ronú bó ṣe máa rí tí mo bá gbé e. Ọmọ oṣù mẹ́sàn-án ò mọ ibòmíràn tó máa fọwọ́ kàn ju ojú ẹni tó gbé e lọ. Á fi ìka gún ojú mi, á fa ìpéǹpéjú mi, lẹ́yìn náà á ki ìka yẹn bọ ẹnu. Mo rí i kedere. Mo gbé tówẹ́lì sílẹ̀, mo dìde, mo sì lọ dúró níta ọ́fíìsì ọ̀gá, mi ò wọlé, mo fi ìbòmú bo imú, mo sì pè é jáde.

Mo sọ fún un. Ó wò mí.

"Ìyá, ẹ̀yin kẹ̀?"

"Èmi ni."

"Aṣọ funfun?"

"Aṣọ funfun, sà."

Mo rò pé ó máa rẹ́rìn-ín ni. Mo fẹ́ kó rẹ́rìn-ín. Ó kàn ní, "Ṣebí ọ̀la ni ọmọ yín ń bọ̀?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó mi orí, ó sì lọ tẹ nọ́ọ̀sì láago.

Nọ́ọ̀sì dé, ó wọ aṣọ ike láti orí dé ẹsẹ̀, ó fi owú orí igi tín-ín-rín gba nǹkan nínú ojú mi àti nínú imú mi. Ó ní lọ́jọ́ kẹsàn-án, àwọn á tún gbà á lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n á wá kó èsì méjèèjì wá pa pọ̀. Ó ní mi ò gbọ́dọ̀ jáde, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ wọlé. Mo ní, "Ọmọdé ńkọ́? Tó bá wọ ìbòmú?" Ó ní, "Màmá, pàápàá ọmọdé."

Mo pe ọmọ mi. Mo ṣàlàyé, mo ń ká ọ̀rọ̀ mọ́ ara wọn nítorí mo fẹ́ parí rẹ̀ kó tó já lu ọ̀rọ̀ mi. Kò já lu ọ̀rọ̀ mi. Nígbà tí mo parí, ó ní, "A ti wà lójú ọ̀nà, Màámi," ó sì pa fóònù.

Wọ́n dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ní aago mẹ́sàn-án kọjá díẹ̀. Ọkọ rẹ̀ dúró ti ọkọ̀, ó juwọ́ sí mi látòkèèrè, ọmọlúàbí ni. Ọmọ mi wá síwájú fèrèsé, ó gbé ọmọ rẹ̀ sí ìbàdí. Ó ti sanra díẹ̀, ó ti ń jọ mi ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu. Mo ti pa fèrèsé dé, mo wọ ìbòmú, mo wọ awò. Ọmọ náà wò mí, ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì, ó sì fi igbe ta. Mo sún sẹ́yìn kó má baà rí mi mọ́, mo ń bá wọn sọ̀rọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ògiri.

Mo pariwo pé, "Ẹ káàbọ̀! Ṣé ọ̀nà dára?"

"Ó dára, mà."

"Mo kun ògiri!"

Mi ò mọ ìdí tí mo fi sọ ìyẹn. Ó wo inú yàrá gba ẹ̀gbẹ́ mi, ó rí àga méjì tí mo yá, ó rí tówẹ́lì.

Ó ní, "Ṣé ó ti dá yín lójú pé àrùn yẹn wà lára yín?"

"Kò tíì dá mi lójú. Èsì ò tíì dé."

"Nígbà náà ó lè máà sí."

"Ó lè máà sí."

"Màámi, ẹ wá gbé e fún ìṣẹ́jú kan. Ẹ bọ ìbọ̀wọ́. Ọ̀la la ń lọ o. Ẹ bọ ìbọ̀wọ́ kí ẹ kàn gbé e!"

Ìbọ̀wọ́ wà lórí tábìlì, mo rí i. Ẹsẹ̀ mi gbé mi dé ìdí ilẹ̀kùn, ọwọ́ mi sì wà lórí kọ́kọ́rọ́. Mo dúró síbẹ̀. Mi ò lè sọ bó ṣe pẹ́ tó. Mo padà sídìí fèrèsé, mo ní, "Mi ò lè ṣe é."

Ó rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí ò dé ojú. "Mo mọ̀. Màálù ni. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi, màálù ni. Lónìí náà, màálù ni. Mo sọ fún ọkọ mi lójú ọ̀nà pé nǹkan kan máa ṣẹlẹ̀ sí màálù."

Mo ní, "Kì í ṣe màálù, nítorí ọmọ ni." Mi ò mọ̀ bóyá ó gbọ́ ọ. Ìbòmú wà lẹ́nu mi, gíláàsì wà láàárín wa, ọmọ sì ń ké. Ó gbé àpò kan kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, bísíkíìtì ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n wọ ọkọ̀. Mo wo aago lára ògiri, kò tíì tó aago mẹ́wàá.

Àwọn ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, mi ò fẹ́ rántí wọn. Gíga máa ń gbé oúnjẹ wá, á kan ilẹ̀kùn, á sì sá. Mo máa ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń lọ kìtìkìtì. Mo ní lọ́jọ́ kan, "Gíga, ṣé ẹkùn ló wà níbí?" Ó dá mi lóhùn látòkèèrè pé ẹkùn sàn, a ṣì lè fi igi lé ẹkùn. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi sunkún. Láti inú yàrá, mo ń gbọ́ nígbà tí wọ́n bá tan ẹ̀rọ ìfúnwàrà àti nígbà tí wọ́n bá pa á. Fóònù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí mi, kò dún. Wọ́n ti fò lọ. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ bóyá nọ́ńbà tí mo ní ṣì ń wọlé. Kò sí ìrora kan tó ṣe mí ju pé mo dá wà. Mo ti dá wà tipẹ́, àmọ́ tẹ́lẹ̀, mo máa ń sọ pé iṣẹ́ ni kò jẹ́ kí n ráyè. Ní báyìí mo ráyè, kò sì sẹ́ni tó ń béèrè mi.

Lọ́jọ́ kẹwàá, nọ́ọ̀sì dé. Kò wọ aṣọ ike. Mo rí ojú rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, ọmọ kékeré báyìí ni, ó ní àmì dúdú kan ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó wọlé, ó sì di ọwọ́ mi mú.

"Màmá, ẹ kú oríire. Kò sí nǹkan kan lára yín. Ìgbà méjèèjì ni a ò rí nǹkan kan."

"Màálù yẹn ńkọ́?"

"Màálù yẹn ní in o. Ẹ̀yin ni kò mú. Àyódíìnì tó wà lára aṣọ yẹn ló jọ pé ó ń yún yín lójú."

Mo bú sẹ́kún. Ó dì mọ́ mi, ó ń fọwọ́ gbá mi lẹ́yìn, ó ní gbogbo èèyàn ló máa ń sunkún ayọ̀ bẹ́ẹ̀. Mi ò lágbára àtisọ fún un pé kì í ṣe ayọ̀. Kò sí nǹkan kan lára mi. Ǹ bá ti ṣí ilẹ̀kùn yẹn. Ǹ bá ti gbé ọmọ náà títí di aago mẹ́rin.

Ìwé èsì náà ṣì wà lọ́wọ́ mi nígbà tí fóònù dún ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Nọ́ńbà rẹ̀ gùn, mi ò mọ̀ ọ́n. Ọmọ mi ni.

Ó ní, "Màámi, ọjọ́ kẹwàá nìyí. Mò ń kà á. Kí ni wọ́n sọ?"

Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó tó ọdún mẹ́fà tí mi ò ti gbọ́ ohùn rẹ̀ báyìí. Mo wo ìwé tó wà lọ́wọ́ mi. Bí mo bá ka ohun tó wà níbẹ̀ fún un, á ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Lẹ́yìn náà, á pa fóònù, á jókòó, á sì ronú pé lásán ni. Lásán ni ìyá òun ti ilẹ̀kùn mọ́ òun. Màálù ni.

Mo ní, "Wọ́n rí i."

"Wọ́n rí kí ni?"

"Àrùn náà. Ó wà lójú mi."

Mo wá ń gbọ́ bó ṣe ń sunkún, kò sì fi í pamọ́. Ó ní, "Mo ní màálù ni. Mo dúró síwájú yín níbẹ̀, mo ní màálù ni. Ẹ ò jẹ́ kí n gbé ọmọ mi wọlé, mo sì ń bú yín. Màámi, ẹ má bínú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú." Mo ní mi ò bínú. Òótọ́ nìyẹn, òun nìkan sì ni òótọ́ tí mo sọ ní ìrọ̀lẹ́ yẹn.

Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí. Ojoojúmọ́ ló ń pè mí. Tó bá ti kù díẹ̀ kí aago lu méje alẹ́, mo máa ń sọ fún Gíga pé kó bá mi wo apá ọ̀tún. Mo máa bọ́ ìbọ̀wọ́, mo máa fọ ọwọ́, mo máa sáré lọ sẹ́yìn ilé oúnjẹ màálù kí ọmọ mi má baà gbọ́ ariwo ẹ̀rọ, nítorí ó gbà pé mo ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó máa ń bi mí ohun tí mo jẹ. Ó máa ń kọ́ mi bí mo ṣe máa fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nu ojú. Ó máa ń gbé fóònù sí ẹnu ọmọ, ọmọ á sì máa wí "ba-ba-ba," mo máa ń sọ fún un pé ìyá àgbà ni, kì í ṣe bàbá.

Lánàá, ó bi mí pé ojú ńkọ́. Mo ní ó ti ń fúyẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Inú rẹ̀ dùn. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Olúwa. Tó bá ti sàn tán báyìí, ọkàn mi á balẹ̀. Mi ò ní máa da yín láàmú lójoojúmọ́ mọ́."

Mo di fóònù mú. Lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n ti ń da àwọn màálù padà sí ibùsùn wọn.

Mo ní, "Ó ṣì ń yún mi díẹ̀ o."